Ọjọ́ Ìdáhùn Ọmọ́yẹni

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ìmúra iṣẹ́ òòjọ́. Ṣé ara yín le? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ohùn náà dùn, ó tutù, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ ilé délẹ̀. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ní ó ń kí mi ń jẹ etí gèlè ìyá rẹ̀ àgbà lẹ́nu ní tirẹ̀, kò tilẹ̀ wojú mi.

"Ara le, ọmọ mi," ni mo dáhùn, nítorí ẹni tí agbẹnusọ bá kí tí kò jẹ́ ẹ, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó fojú di ọmọdé. "Ìwọ náà ńkọ́?"

"Mo wà pa, mà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ọmọ ọdún mẹ́rin ku oṣù méjì wo ló ń sọ pé òun wà pa? Mo wo agbẹnusọ náà, bọ́tìnnì fàdákà tí a so mọ́ ọrùn Ọmọ́yẹni kó máa gbẹnu sọ fún un, tó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, mo sì yọ ahọ́n sí ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ọmọ́yẹni tú etí gèlè sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi ṣàn sí ìyá àgbà lẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ ṣeun," ni bọ́tìnnì wí.

"Ta ló ń bá ọ wí?" ni mo sọ lábẹ́ ahọ́n.

Alájà Wúrà tú ọ̀já, ó sì rọra gbé ọmọ sílẹ̀. Òun ni ìyá tó bí bàbá Ọmọ́yẹni. Bàbá àti ìyá ọmọ náà wà létíkun, níbi tí wọ́n ti ń mọ odi tí kò ní jẹ́ kí òkun gbé Èkó mì. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n fi ń wálé, torí náà ẹ̀yìn Alájà ni ọmọ náà ń gbé.

"O ò gbọ́ bó ṣe kí àwọn èèyàn nínú ọkọ̀ okùn láàárọ̀ yìí, Sìkírá," ni Alájà wí. Ojú rẹ̀ ń dán. "Láti òkè Ọ̀bà títí a fi kọjá lórí òrùlé ilé aláró, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ń bi mí pé ta ló kọ́ ọmọ yìí. Mo ní èmi ni."

"Ẹ̀rọ ló kí wọn, Alájà."

"Ẹ̀rọ ọmọ mi náà ni."

Mi ò bá a jiyàn. Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ìwé tí ìjọba fi ránṣẹ́ láti ìdájí ṣì ń tàn, mo sì ti kà á tó ìgbà mẹ́wàá. Ọjọ́ Ìdáhùn Ọmọ́yẹni. Agogo mẹ́wàá. A ó pa agbẹnusọ fún ìdajì wákàtí. Ọmọ gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ béèrè nǹkan kan, kí ó kọ nǹkan kan pé òun kò fẹ́ ẹ, kí ó sì pe ẹnì kan, kí ẹni náà sì jẹ́ ẹ láìjẹ́ pé a sọ fún un. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, agbẹnusọ di ẹnu ọmọ náà lábẹ́ òfin títí yóò fi pé ọdún mẹ́wàá, àyè rẹ̀ ní Ilé Eré yìí, níbi tí mo ti ń fi eré tọ́jú àwọn ọmọ tí ara wọn kò le, á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọdún mẹ́wàá! Mo ti rí ọmọ kan bẹ́ẹ̀ rí. Agbẹnusọ rẹ̀ ló gbà kí wọ́n fá irun rẹ̀, òun ló gbà kí wọ́n mú un lọ sílé-ìwé tí kò fẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọmọ náà jókòó síbẹ̀, ó ń sunkún, ẹ̀rọ ń dúpẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kórìíra ìkíni tó bá ti dùn jù.

"Agogo mẹ́jọ kọjá," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣeré."

Mo mú Ẹ̀wù Ìtọ́ kúrò lórí ìkọ́, mo wọ̀ ọ́ fún Ọmọ́yẹni. Mo tẹ èjìká òsì, okùn inú ẹ̀wù náà mú díẹ̀díẹ̀, apá òsì sì sùn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kì í dùn ún. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ti gbọ́ràn, ọwọ́ òsì ló sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé. Bí òsì bá sùn láàárọ̀, ọ̀tún á di dandan kó jí. Èmi ni mo kọ ètò náà lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn, èmi ni mo fọwọ́ sí i, ẹ má sì jẹ́ kí n purọ́, mo ń fi yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi.

Mo tú bọ́ọ̀lù asáré sílẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Bí o bá sún mọ́ ọn, á sá. Bí o bá dúró, á padà wá fì níwájú rẹ bí ẹni ń fini ṣẹ̀sín. Ọmọ́yẹni fi eékún rìn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e, ó gun òkè tìmùtìmù, ó yí gbirigbiri sódìkejì. Ilẹ̀ ilé wa máa ń mọ̀ bí ọmọ bá fẹ́ ṣubú, á rọ̀ kí ó tó balẹ̀, torí náà ṣíṣubú gan-an di eré fún un. Ó ṣubú ní ìgbà mẹ́rin. Ìgbà mẹ́ta nínú rẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ní ìgbà karùn-ún, bọ́ọ̀lù sá wọ igun ògiri. Ọmọ́yẹni wò ó. Ó na apá ọ̀tún. Apá náà gbọ̀n, ó lọ síbòmíràn, ó padà, àwọn ìka rẹ̀ là lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbá bọ́ọ̀lù náà mú.

Mo pariwo. Alájà pariwo. Bọ́ọ̀lù náà pariwo, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Mo dìde, mo jó yí ọmọ náà ká, ẹni tó bá rí mi á rò pé èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọwọ́ mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ́yẹni rí i pé orí wa ti dàrú, ó bá fi ẹsẹ̀ ta abọ́ omi ọṣẹ tí mo gbé kalẹ̀ fún eré tó kàn. Omi dà sí i lára láti ọrùn dé ẹsẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, mà," ni agbẹnusọ wí, ohùn rẹ̀ mì nínú omi.

Ẹ̀rín ń pa Ọmọ́yẹni. Kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Mo bọ́ ẹ̀wù náà, mo fi kọ́ síwájú afẹ́fẹ́ kó gbẹ. Ó ku ọmọ tòun ti pátá àti bọ́tìnnì lọ́rùn. Omi ọṣẹ ṣì kù díẹ̀ nínú abọ́, mo bá mú wáyà róbótó kan tí èmi fúnra mi tẹ̀, mo tì í bọ omi, mo fẹ́ ẹ. Ìfófòó jáde bí mẹ́jọ, wọ́n gòkè lọ sábẹ́ àjà, oòrùn tó wọlé látojú fèrèsé kùn wọ́n láwọ̀. Ọmọ́yẹni lanu. Mo tún fẹ́ ẹ. Ó fi orí tẹ̀ lé wọn títí tó fi fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo bá dá ọwọ́ dúró.

Nínú iṣẹ́ tiwa, dídúró ló pọ̀ jù. A máa ń ṣe eré dé ibi tó dùn jù, a ó dá a dúró, a ó wo ojú ọmọ, a ó sì ka ogún nínú wa láìlanu. Ó rọrùn láti sọ. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ níwájú ọmọ tí ẹ fẹ́ràn, ẹ ó rí bí ẹnu ṣe máa ń yún èèyàn.

Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta. Mo gbé wáyà náà síwájú ẹnu mi, mi ò fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo dé ẹẹ́fà, ọwọ́ òsì Ọmọ́yẹni gòkè kúrò lórí ikùn rẹ̀. Ó là, ó pa dé, ó là, ó pa dé.

"Áà áà, màmá mi," ni Alájà wí. Ó na ọwọ́ láti orí àga, ó tẹ ọwọ́ òsì náà wálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. "Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ọwọ́ ọ̀tún lọmọ dáadáa ń gbé sókè."

"Ẹ má bínú, mà. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun," ni agbẹnusọ wí.

Ọmọ́yẹni fajú ro. Mo tún wo ojú yẹn. Ojú ẹni tó sọ pé ó tó kọ́ nìyẹn.

"Alájà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ki ọwọ́ yín méjèèjì bọ abẹ́ itan yín."

"Kí ló dé?"

"Ẹ kàn bá mi ṣe é."

Ó ṣe é, ó ń ráhùn. Mo tún fẹ́ ìfófòó, mo dúró, mo kà. Ní ẹẹ́rin, ọwọ́ òsì gòkè: ó là, ó pa dé. Mo fẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ́yẹni kígbe ayọ̀. Mo dúró. Ọwọ́ gòkè, agbẹnusọ tún ní kí n má bínú. Mo fẹ́ ẹ. Ní ìgbà kẹrin, mi ò fẹ́ nǹkan kan, mo gbé bọ́ọ̀lù síwájú rẹ̀ dípò rẹ̀. Ọmọ náà yí ẹ̀yìn ọwọ́ òsì náà síta, ó fi ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, ó sì tún là á, ó pa á dé, ojú rẹ̀ wà lára wáyà.

Orí mi wú. Ó béèrè. Ó kọ̀. Ọmọ tí mo kọ sínú ìwé fún oṣù mẹ́fà pé kò tíì dá ọ̀rọ̀ kan sọ, ó ti sọ méjì kí n tó nu omi ilẹ̀.

"Agbẹnusọ," ni mo wí, "kí ni ọwọ́ òsì ọmọ yìí ń sọ?"

"Ọwọ́ òsì kì í sọ̀rọ̀ níwájú àgbà, mà. Ìgbìmọ̀ Àgbà Ìdó Àràbà ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbé e sókè, mo máa ń bá a tọrọ àforíjì."

"Ìgbà mélòó ló ti gbé e sókè?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti so mí mọ́ ọn lọ́rùn, ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé méjìlá, mà. Mo sì ti bá a bẹ̀bẹ̀ ní gbogbo rẹ̀. Láàárọ̀ kì í gbé e rárá, nígbà tí ẹ bá ti wọ ẹ̀wù fún un. Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, mà."

Mo jókòó sínú omi ọṣẹ. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí. Ètò ẹ̀wù yẹn dára fún apá ọ̀tún, ẹ̀rí rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀lù tó mú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí mo ń mú sùn láràárọ̀ ni ẹnu ọmọ náà. Èmi Sìkírá, tí mo ń bá ẹ̀rọ jà kiri ìlú, èmi gan-an ni mo ń di ọmọ lẹ́nu, tí mo sì ń fọwọ́ síwèé.

Alájà Wúrà ń wo ọwọ́ òsì ọmọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ itan.

"Ó máa ń gbá mi léjìká bẹ́ẹ̀ bí mo bá pọ̀n ọ́n," ni ó wí. "Mo rò pé eṣinṣin ló ń lé."

"Ẹ ò mọ̀, Alájà."

"Mo wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ọdún tí àwọn ẹ̀rọ náà dé, wọ́n pe àwa àgbà pé ká wá kọ́ wọn níwà. Ẹlòmíràn sọ ti ìkúnlẹ̀, ẹlòmíràn sọ ti ìkíni. Èmi ni mo sọ ti ọwọ́ òsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ilẹ̀kùn sọ pé àlejò dé.

Agogo mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni. Olùyẹ̀wò ni, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé àpótí ìjọba sábẹ́ apá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tú bàtà. Ẹ̀wù Ìtọ́ ti gbẹ. Mo mú un lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé bí mo bá wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà báyìí, gbogbo nǹkan á bá ìwé mu, kò sì sí ẹni tó máa bi mí ní ìbéèrè kan.

"Wọ̀ ọ́ fún un," ni Alájà sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣé níwájú ìjọba ni ọmọ mi á ti máa na ọwọ́ òsì síni? Wọ́n á ní a ò kọ́ ọ."

"Bí mo bá wọ̀ ọ́, kò ní sọ nǹkan kan, Alájà. Ọdún mẹ́fà ni bọ́tìnnì yìí á fi máa gbẹnu sọ fún un."

"Bí o ò bá wọ̀ ọ́ ńkọ́? Kí ni wọ́n máa ṣe fún ìwọ?"

Mo mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ẹni tó bá di ẹnu ọmọ, ì báà jẹ́ láìmọ̀, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún sáà kan. Ọmọ mẹ́rìnlá ló wà lábẹ́ mi. Mo ronú kan àwọn tó kù, mo ronú kan ìgbéraga mi pẹ̀lú, nítorí ó wà níbẹ̀, ó tóbi. Ọmọ́yẹni jókòó nínú omi, ó ń wo wáyà ọwọ́ mi. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó là á, ó pa á dé.

Mo fi wáyà sínú abọ́, mo sì fi ẹ̀wù náà kọ́ padà.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni mo kí olùyẹ̀wò.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ kú àárọ̀, Màmá." Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Alájà, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan sì ya níwájú, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kan ń yọjú wò wá. Ó tẹ àpótí, ó ka nǹkan, ó gbójú sókè. "Nínú ètò yín, mà, ẹ̀wù yẹ kó wà lára ọmọ títí di agogo méjìlá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àṣìṣe mi ni ètò náà. Apá òsì ni ọmọ yìí fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ò kà á, màmá rẹ̀ àgbà ò kà á, èmi sì ń dè é mọ́lẹ̀ láràárọ̀. Òní ni mo rí i."

Ó wò mí. Ó ní ojú ẹni tó fẹ́ kí n sọ pé eré ni mo ń ṣe.

"Ẹ mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Ẹ kọ ọ́, sà."

"Oṣù mẹ́ta ni. Ó bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Fífọ ohun ìṣeré ni wọ́n máa fún yín ṣe."

"Mo mọ ọṣẹ lò, sà."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó tẹ àpótí, àmì iṣẹ́ àyà mi, tó ti ń tàn láwọ̀ ewé fún ọdún mọ́kànlá, sì di aláwọ̀ eérú. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ó tún wá sọ èyí tí mi ò rò tẹ́lẹ̀.

"Ẹni tí àmì rẹ̀ ti kú kò gbọ́dọ̀ darí ìdánwò mọ́, mà. Ẹ lè jókòó. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má sì ṣe àpẹẹrẹ sí ẹnikẹ́ni."

Mo lọ jókòó sẹ́bàá ògiri. Mo gbá ẹnu mi mú. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé na ọwọ́ sí ọrùn Ọmọ́yẹni, ó pa bọ́tìnnì náà. Ilé dákẹ́ lọ́nà tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí nígbà tí ọmọ yẹn bá wà nínú rẹ̀. Ó gbé agogo kékeré kan kalẹ̀: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ohun inú àpótí rẹ̀. Ó yọ fìlà oníbọ́tìnnì, ó yọ ìwé tó ń sọ̀tàn, ó ń bi ọmọ náà pé èwo ló fẹ́. Ọmọ́yẹni wò ó, ó wò mí, ó sì rìn lórí eékún lọ bá abọ́ omi ọṣẹ. Ó fi ọwọ́ òsì gbé wáyà. Ó gbé e sí olùyẹ̀wò létí ẹnu, ó gún un nímú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi í sílẹ̀ fún un, ó la ọwọ́, ó pa á dé.

"Èmi ni kí n fẹ́ ẹ?" ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé wí.

Ó là, ó pa dé.

Ọkùnrin náà fẹ́ ẹ. Kò mọ̀ ọ́n fẹ́, omi ta sí i lójú, ìfófòó kan péré ló jáde, ó sì tóbi bí orí àgbàlagbà. Ọmọ́yẹni rẹ́rìn-ín títí ó fi ń ṣe òsùkè. Ẹ bá mi dúpẹ́ pé wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ariwo mi á ti wó òrùlé. Olùyẹ̀wò nu ojú, ó kọ ọ́ sílẹ̀: ó béèrè.

Èyí tó kàn kò pẹ́. Ó yọ ọ̀pọ̀lọ́ kan tó ń fò tó ń ké, ó gbé e lé ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Ọmọ́yẹni yí ẹ̀yìn ọwọ́ òsì síta, ó tì í kúrò. Olùyẹ̀wò tún gbé e padà, ọmọ náà sì fi ọwọ́ kan náà ti ojú Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé fúnra rẹ̀ sẹ́yìn, rọra ṣùgbọ́n gidi.

"Ó yé mi, ó yé mi," ni ọkùnrin náà wí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: ó kọ̀. Ó wá já páálí bísíkíìtì kan, ó fi ọ̀kan tọrẹ fún un, ó sì gbé páálí náà sílẹ̀ lẹ́bàá àga Alájà, òfin ló sì ní kó fún un. Ọmọ́yẹni gbà á, ó jókòó, ó ń jẹ ẹ́.

Ó ku ìpè.

Ìyẹn ló le jù. Kò sí ohun ìṣeré tó lè fà á jáde, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bẹ ọmọ. Ó kàn gbọ́dọ̀ wù ú láti yíjú sí ẹnì kan. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé sún sẹ́yìn, ó káwọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kù, ó di mẹ́jọ, ó di mẹ́fà. Ọmọ́yẹni ń jẹ bísíkíìtì, ó ń wo oòrùn lára ilẹ̀, ayé rẹ̀ pé, kò nílò ẹnikẹ́ni. Mo ka ogún. Mo ka ogún mìíràn. Mo ka ogún tó pọ̀ débi pé mi ò mọ èyí tí mo wà mọ́.

Alájà Wúrà jókòó lórí àga kékeré, ọwọ́ lábẹ́ itan, ó ti lanu díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ pe orúkọ ọmọ náà. Kò pè é.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, Ọmọ́yẹni dáwọ́ jíjẹ dúró. Ó wo ìyá rẹ̀ àgbà, ó pẹ́ kí ó tó mójú kúrò lára rẹ̀. Ó fi eékún rìn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ilẹ̀ ń rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ó ń le padà, títí ó fi dé ẹsẹ̀ àga. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ àìlera yẹn, di ìró Alájà mú kó má baà ṣubú. Ó sì na ọwọ́ òsì sókè pẹ̀lú bísíkíìtì àjẹkù, tó ti fi itọ́ rin gbindin, síwájú ojú rẹ̀.

Ọwọ́ Alájà jáde kúrò lábẹ́ itan. Mo rí i. Kò sí ohun tí mo lè ṣe. Ọwọ́ tó ti tẹ ọwọ́ òsì yẹn wálẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ náà ni, ó sì mọ̀nà débẹ̀ láìbéèrè. Ó di ọrùn ọwọ́ kékeré náà mú.

Mo fi eyín di ahọ́n mi.

Ọmọ́yẹni kò fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀ àgbà, ó sì tún gbé bísíkíìtì náà sókè díẹ̀ sí i, bí ẹni tó rò pé bóyá wọn ò tíì rí i.

Alájà Wúrà tú ọrùn ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Eékún rẹ̀ dún, ó di ògiri mú kó tó lè kúnlẹ̀, orí rẹ̀ sì wá dọ́gba pẹ̀lú orí ọmọ náà. Ó pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó tẹ́ wọn bí a ṣe ń tẹ́wọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó junilọ, ó sì gba bísíkíìtì náà.

"Ẹ ṣeun, mà," ni ó wí fún un.

Ó sì kó o sẹ́nu, tòun ti itọ́.

"Ó pè, wọ́n sì jẹ́ ẹ," ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé wí. Ó pa agogo rẹ̀, ó sì tẹ àpótí. "Ọmọ yìí ló ni ẹnu ara rẹ̀."

Alájà kò gbọ́ ọ. Ó ṣì wà lórí eékún, ó ń jẹ bísíkíìtì, ẹ̀rín àti omijé dàpọ̀ lójú rẹ̀, Ọmọ́yẹni sì ti ń na òmíràn láti inú páálí sí i.